Aura Kò Burú Tó Bí Ẹ Ṣe Ń Sọ Ọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ìdánwò, kì í sì í ṣe ti owó ilé ní Ekosodin. Ọ̀rọ̀ orin ni, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí ní akínyẹmí ara.

Ní alẹ́ àríyá ẹgbẹ́ wa tó kọjá, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní orin Yorùbá gbé e wá. Èmi gbé Aura ti King Sunny Adé wá. Orin àkọ́kọ́ kò tíì wọra tí ẹ̀gbọ́n kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún fi pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ta ló gbé dísíkò wá síbí? Ẹ fi orin Yorùbá sí i!" Wọ́n pa á. Ẹlòmíràn tún fi ẹ̀rín kún un pé, "Ẹ má dá a lóhùn, ọmọ Bìní ni." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo dé yàrá, oorun kò kùn mí. Ṣé lóòótọ́ ni àwo yìí kì í ṣe orin Yorùbá, àbí etí wa ni kò gbà á?

Kí n tó dá ẹ̀gbọ́n lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn àwo náà, nítorí a kò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú wa nígbà náà, èmi náà sì wà lára wọn. Bob Marley kú ní 1981. Ilé iṣẹ́ Island Records tí Chris Blackwell dá sílẹ̀ ń wá olórin mìíràn tí wọn yóò gbé fún gbogbo ayé, Sunny Adé sì ni wọ́n mú. Ará Faransé kan, Martin Meissonnier, ló bá wọn ṣe ètò ìgbohùnsílẹ̀. Juju Music jáde ní 1982, Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983. Àwọn òyìnbó fi ọwọ́ méjèèjì gbà wọ́n. Synchro System tilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń yan ẹni tí yóò gba Grammy. Ní 1984 ni Aura dé. Stevie Wonder fúnra rẹ̀ fọn hàmóníkà nínú orin Ase, Tony Allen tó ti ń lu ìlù fún Fela náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, kò tà tó bí wọ́n ti rò. Island bá tirẹ̀ lọ, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí African Beats, ẹgbẹ́ rẹ̀, fi túká. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti di ẹ̀bi gbogbo ru Aura. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ibi tí Sunny ti ṣìnà, ibẹ̀ ni yóò nàka sí.

Ẹjọ́ tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi lu ìlù inú rẹ̀. N kò ní jiyàn. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ó sì ń dún gbàgà-gbàgà bí ẹni ń fi òòlù kan pákó. Àwọn ibì kan wà tí mo fẹ́ kó dákẹ́ díẹ̀ kí n lè gbọ́ ohun tí gángan ń wí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní ẹ̀rọ ló ba jùjú jẹ́ nítorí pé ohun àjèjì ni, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ilé jùjú wò. Nígbà tí Túndé King ń ṣeré ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, báńjò àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti tanborín ni wọ́n ń lò. Gángan kò sí níbẹ̀. Nǹkan bí 1948 ni Àkànbí Ẹ̀gẹ́ tó mú un wọlé. I.K. Dairo gbé àkọ́díọ̀nù tirẹ̀ dé lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní oyè MBE ní 1963. Gìtá tí wọ́n ń fi irin fà lórí ìdúró, èyí tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń mú ké bí ẹni ń dárò, ọwọ́ àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ni a ti rí i. Bí a bá ní ká lé gbogbo àlejò jáde kúrò nínú jùjú, gángan gan-an yóò bá wọn jáde.

Àwọn tó ni ìlú tí a wà yìí kò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dá ara wọn láàmú. Sir Victor Uwaifo, tó kú ní 2021, mú ijó Ekassa tó jẹ́ ti ìgbà ìwúyè ọba Bìní, ó fi gìtá iná sí i. Ní àdúgbò tí mo gbé dàgbà, àwọn ìyá arúgbó ń jó o. Mi ò tíì gbọ́ kí ọmọ Edo kan sọ pé Uwaifo kì í ṣe ọmọ Edo mọ́.

Ẹ̀bi gidi tó wà lọ́rùn Aura, bàámi ni mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ Oǹdó ni bàámi, Uselu ló ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ó ti ra kásẹ́ẹ̀tì Aura nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kì í fi sí i lọ́jọ́ Sunday, tó jẹ́ pé Ariya Special ló máa ń fi sí i. Ó ní, "Wọn kò jẹ́ kí Sunny mí nínú èyí." Mi ò lóye rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé nínú àwọn àwo tó ń ṣe fún wa nílé, orin kan lè gba odidi ojú àwo kan. Gìtá yóò rìn, elégbè yóò gbè é, gángan yóò ki èèyàn títí ara yóò fi gbóná, kó tó di pé wọ́n yà sí orin mìíràn. Orin tí wọ́n gé kúrú fún ọjà Lọ́ńdọ̀nù kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe Aura nìyẹn, ìkánjú ni.

Ẹ wá wò ó o: Juju Music tí gbogbo yín ń yìn, wọ́n gé tirẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú orin rẹ̀ ló ti wà nílé tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn tún un kọ ni. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ń fi inú ara rẹ̀ parí ohun tí wọ́n gé. Èyí ni kò jẹ́ kí wọ́n ka ẹ̀ṣẹ̀ náà sí i lọ́rùn.

Mi ò sọ pé gbogbo àwo tí wọ́n bú ni mo fẹ́ gbèjà. Wait for Me tó ṣe ní 1989, níbi tí òun àti Onyeka Onwenu ti kọrin nípa fífètò sọ́mọ bíbí, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó tó mi. Ó ń ṣe bí ìkéde ilé ìwòsàn. (Ohùn Onyeka dára ṣá o, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ.) Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní ká fi Aura wé Army Arrangement ti Fela, èyí tí Bill Laswell tún dárà sí tó jáde ní 1985. Ẹ̀wọ̀n ni Fela wà nígbà tí wọ́n ń tún ti tirẹ̀ ṣe. Sunny wà níjòókòó ní tirẹ̀, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ohun tó sì ṣe níbẹ̀ tó ìgbọ́ o. Ẹ tẹ́tí sí hàmóníkà inú Ase. Olórin ńlá ni Stevie Wonder, ó lè gba orin náà mọ́ Sunny lọ́wọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí elégbè ló ṣe wọlé, ó ń dá àwọn gìtá lóhùn. Ẹ sì wo orúkọ orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: Ase, Gboromiro, Ogunje, Oremi, Ire, Iro. Owó Island wà nílẹ̀, ọjà Amẹ́ríkà ń dúró, ọkùnrin yìí kò tìtorí ẹ̀ kúrò nínú Yorùbá. Ìwé ìpè sí àríyá wa yẹn ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò pariwo.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí oníbàárà tó jẹ́ Edo tàbí Ìgbò bá wọ ṣọ́ọ̀bù, Aura ni bàámi ń fi sí i. Wọn kì í béèrè ìtumọ̀. Wọ́n á máa fi orí jó o bí wọ́n ti ń ná ọjà. Èmi ni wọ́n máa ń yíjú sí pé kí ni Sunny wí níbí yìí, èmi náà á sì sáré lọ bi bàámi. Ibi tí mo ti gbọ́ díẹ̀ nínú Yorùbá tí ẹ fi ń bú mi nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ó ka èyí. Ẹ má bínú sí mi. Kásẹ́ẹ̀tì bàámi wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti rí ẹ̀rọ tó lè lò ó yá. Orin mẹ́fà péré ni. Ẹ yan ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, n ó gbé e wá sí yàrá yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣáà pa á lójú ọ̀nà.