Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Fáàfù Síìlì Kò Tó Ohun Tí À Ń Torí Rẹ̀ Tú Tọ́ọ̀pù

Èéfín aláwọ̀ búlúù tó ń jáde nídìí ọkọ̀ fi hàn pé ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló ní wàhálà yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì sì máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé tọ́ọ̀pù sílíńdà gbọ́dọ̀ kúrò. Bó bá jẹ́ pé fáàfù síìlì nìkan ló gbó, ìyẹn rọ́bà kékeré ọrùn fáàfù tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn wọ sílíńdà, ìdájọ́ náà kò tọ̀nà.

Títú tọ́ọ̀pù kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Omi rádíétọ̀ yóò dà nù, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ ojú tọ́ọ̀pù wò bóyá ó ti wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, bóòtù tọ́ọ̀pù máa ń fà gùn bí wọ́n bá ti fún un, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE oní-lítà 2.4 tó wà nínú Toyota Camry láti 2002 dé 2009. Alumíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ sì lókìkí pé eyín inú ihò bóòtù tọ́ọ̀pù wọn máa ń bó. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni yóò fi fọwọ́ kan irú bóòtù bẹ́ẹ̀ nítorí rọ́bà?

Ẹ̀rù tó ń ba mẹkáníìkì láti pààrọ̀ síìlì láì tú tọ́ọ̀pù ni pé bí sípíríǹgì tó bo síìlì bá kúrò, fáàfù yóò já sínú sílíńdà. Ọ̀nà méjì ló wà láti dènà ìyẹn. Nínú ti àkọ́kọ́, mẹkáníìkì á yọ púlọ́ọ̀gì, á gbé písítìn dé òkè pátápátá, á sì so okùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ mọ́ ihò púlọ́ọ̀gì. Afẹ́fẹ́ yóò ti fáàfù mọ́ ìjókòó rẹ̀. Kí ó di kíráńkì mú, torí bí písítìn kò bá wà lókè gan-an, afẹ́fẹ́ lè yí i. Ọ̀nà kejì kò nílò iná mànàmáná rárá: kí písítìn wà nísàlẹ̀ díẹ̀, kí mẹkáníìkì ki okùn ọ̀rá tó mọ́ gba ihò púlọ́ọ̀gì, kí ìdí okùn wà níta, kí ó sì fi ọwọ́ yí kíráńkì títí okùn yóò fi fún mọ́ abẹ́ fáàfù. Kí ó tó tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀, kí ó fi aṣọ di ihò tí ọ́ìlì ń gbà sọ̀kalẹ̀, bó bá sì ti tẹ̀ ẹ́, kí ó fi mágínẹ́ẹ̀tì mú lọ́ọ̀kù méjèèjì tó so sípíríǹgì mọ́ ọrùn fáàfù.

Àwọn tó lòdì sí ọ̀nà wọ̀nyí lè sọ pé nínú 2AZ-FE, kámúsáfù méjèèjì gbọ́dọ̀ kúrò kí ọwọ́ tó kan sípíríǹgì, àti pé ẹni tí kò bá sàmì sí ṣéènì, tí kò sì fà á mú sókè bí kíráńkì ṣe ń yí, yóò ba nǹkan jẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kámúsáfù yẹn kan náà gbọ́dọ̀ kúrò bí wọ́n bá fẹ́ tú tọ́ọ̀pù.

Àyẹ̀wò ló yẹ kó pinnu. Bí èéfín bá ń tú nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ láàárọ̀, tàbí nígbà tó bá fẹ́ gbéra lẹ́yìn ìdúró pípẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, síìlì ni kí wọ́n fura sí. Bí kò bá dáwọ́ dúró nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ríńgì písítìn, síìlì tuntun kò sì ní wo ìyẹn sàn. Bí agbára ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ inú sílíńdà bá lọ sílẹ̀, tí ọ́ìlì díẹ̀ tí wọ́n dà sí i kò sì gbé e sókè, fáàfù ti lè jóná tàbí kí gásíkẹ́ẹ̀tì ti bẹ́. Ìgbà yẹn ni títú tọ́ọ̀pù tó bọ́gbọ́n mu.

Kí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì fi iṣẹ́ yìí kún ohun tí ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó ṣe fúrídọ́ọ̀mù. Kí onímọ́tò náà béèrè èsì àyẹ̀wò kó tó sanwó. Ẹni tó bá lè sọ ìdí tí tọ́ọ̀pù fi gbọ́dọ̀ kúrò, kó tú u. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́, kó kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì.