Àbá òfin Ghana: Ṣé òbí ni yóò fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́?

Ní Tafo, nílùú Kumasi, orin ìṣọ́ òru àti ìpè àdúrà mọ́sálásí kì í jìnnà sílé ẹni. Bí ọmọkùnrin kan bá jókòó ti ìyá rẹ̀ níbẹ̀, tó jẹ́wọ́ pé ọkùnrin ẹgbẹ́ òun lọkàn òun ń fà sí, ìwàásù tí ìyá náà ti ń gbọ́ láti kékeré ni yóò kọ́kọ́ rántí. Ọ̀rọ̀ ìjọba á wá tẹ̀lé e.

Láti ọdún 1960 ni òfin Ghana ti ka ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin sí ìwà ọ̀daràn. Àbá òfin tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí lọ́jọ́ 28 oṣù Kejì, 2024, kọjá ìyẹn. Ẹni tó kàn pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 3, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá ṣojú rẹ̀ fi tó ọlọ́pàá létí. Ta ló sábà máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń sọ àṣírí rẹ̀? Ààrẹ Akufo-Addo kò buwọ́lù ú títí tó fi gbéjọba sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún gbé e wá síwájú ilé lọ́dún 2025.

Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fà á fún ẹkùn pajẹ. Ta ló tiẹ̀ sọ pé èyí burú? Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì Ghana ti àbá náà lẹ́yìn. Síbẹ̀, Kádínà Peter Turkson, tóun náà jẹ́ ọmọ Ghana, sọ fún BBC lóṣù Kọkànlá, 2023, pé kò yẹ kó jẹ́ ìwà ọ̀daràn. Ìjọ rẹ̀ ṣì ń pe ìbálòpọ̀ náà ní ẹ̀ṣẹ̀ o, kò sì torí ẹ̀ fi ìjọ sílẹ̀. Ní South Africa, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu sọ lọ́dún 2013 pé òun kò ní sin Ọlọ́run tó bá kórìíra irú àwọn èèyàn yìí. Ọdún 2015 ni Mpho, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ àlùfáà, fẹ́ obìnrin.

Kí ará Nàìjíríà má fi Ghana ṣe yẹ̀yẹ́: òfin tiwa ti 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀.

Bíbi ìgbàgbọ́ ẹni léèrè lè gba ìyá kan ní Tafo lọ́dún púpọ̀, ìwé mímọ́ lọ́wọ́, omijé lójú. Ẹ jẹ́ kó gbà á. Bí àwọn aṣòfin ní Accra kò bá tiẹ̀ fẹ́ jáwọ́ nínú àbá yìí, kí wọ́n má fi í sínú rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni lọ fẹjọ́ ọmọ rẹ̀ sun ní àgọ́ ọlọ́pàá.