Pánla, Apẹran Inú Ibú

Ní ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja ní ọjà Òkè-Ajé, n'Íjẹ̀bú-Òde, Titus, kòtẹ́, ṣawá àti pánla ni orúkọ tí a máa ń gbọ́ jù. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òkè omi. Pánla ni ará ibú láàárín wọn. Òun la ń jẹ nínú ìkọ́kọrẹ́ láti kékeré, síbẹ̀ ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ irú ẹranko tó jẹ́ nígbà tó wà láàyè.

Ẹja ẹbí méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan yìí lọ́jà wa. Ẹbí àkọ́kọ́ ni Merlucciidae, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hake. Ìkejì ni Gadidae, níbi tí blue whiting, ẹja kékeré láti òkun àríwá Yúróòpù, ti wá. Inú agbo ńlá kan náà, Gadiformes, ni àwọn méjèèjì wà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn, ẹ má wo awọ rárá, lẹbẹ ni kí ẹ wò. Èyí tó ṣì wà nínú yìnyín ló dára láti fi kọ́ ọ, torí lẹbẹ ti gbígbẹ á ti ṣẹ́ dànù. Ẹ ka lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, tí àlàfo gbọọrọ wà láàárín ìkejì àti ìkẹta, blue whiting ni. Bó bá jẹ́ méjì, tí ti iwájú kúrú, tí ti ẹ̀yìn sì gùn lọ títí dé ẹ̀bá ìrù, hake gan-an lẹ mú dání. Lẹbẹ gígùn kan ṣoṣo ló tún wà lábẹ́ rẹ̀, méjì ni ti blue whiting. Inú mi á dùn bí àwọn olùkọ́ bàọ́lọ́jì wa bá lè gbé ẹja méjèèjì yìí wọ kíláàsì, kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn kà á.

Ẹnu hake ló ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ yọ síwájú ju ti òkè lọ, eyín rẹ̀ sì mú ṣóṣóró. Lọ́sàn-án, ó máa ń wà nítòsí ilẹ̀ òkun. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á gòkè wá ohun tí yóò jẹ. Àwọn kékeré ń jẹ edé àti àwọn ẹ̀dá tó jọ edé. Àwọn àgbà ń lé ẹja. Kò sì mọ ẹbí nídìí oúnjẹ. Ní etí òkun Namibia àti South Africa, irú méjì ló jọ ń gbé, Merluccius capensis àti Merluccius paradoxus. Paradoxus ló ń gbé ibi tó jìn jù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń wà lókè díẹ̀, níbi tí àwọn capensis ńlá wà. Ibẹ̀ ni capensis ti ń pa wọ́n jẹ, tó tún ń pa ọmọ irú tirẹ̀ jẹ pẹ̀lú.

Merluccius polli ni ti etí òkun tiwa, láti Mauritania títí dé Namibia. Ó lè wà ní ìjìnlẹ̀ 50 mítà, ó sì lè tó nǹkan bí 900. Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ àti àwọ̀n àwọn apẹja ìlú Ìwópin, ẹja ọ̀sà ni wọ́n wà fún. Wọn ò lè dé irú ibú bẹ́ẹ̀. Jean Cadenat, ọmọ Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Senegal, ló sọ polli lórúkọ ní 1950, ó fi yẹ́ Max Poll sí, onímọ̀ ẹja ará Bẹ́ljíọ̀mù. Lọ́dún yẹn kan náà ló sọ Merluccius senegalensis lórúkọ. Àwọn méjèèjì jọra débi pé àwọn apẹja ní Mauritania ń tà wọ́n pọ̀ bí ọ̀kan. Ẹ ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà, níbi pupa tó fi ń mí. Lórí egungun àkọ́kọ́ níbẹ̀, ẹ ó rí ẹ̀gún kéékèèké tó tò bí eyín ìyarun. Ti polli jẹ́ 8 sí 12, ti senegalensis jẹ́ 13 sí 18.

Abo hake máa ń tóbi ju akọ lọ, ó sì máa ń pẹ́ láyé jù ú lọ. Ọjọ́ orí rẹ̀ ló ti fa àríyànjiyàn. Òkúta kékeré kan wà nínú etí ẹja, tó ń ní òrùka bó ṣe ń dàgbà, òun ni àwọn onímọ̀ ń kà láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ilẹ̀ Faransé so àmì mọ́ àwọn hake láàyè, wọ́n dá wọn padà sómi, wọ́n sì tún rí lára wọn mú. Wọ́n rí i pé ó ń yára dàgbà tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tí òrùka ń sọ. Ìwádìí náà jáde ní 2003. Láti 2010, gígùn ara ẹja ni ICES, àjọ tó ń gba Yúróòpù nímọ̀ràn lórí ẹja pípa, fi ń ṣírò hake ìhà àríwá, wọn ò gbé e lé ọjọ́ orí mọ́.