Òpó Luxor àti Owó Oṣù Olùkọ́

Bí àjọ̀dún ilé ìwé bá ti ń súnmọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde máa ń bi ara wa: kí ni a ó kọ́ sínú ọgbà tí ìran tí ń bọ̀ yóò fi rántí ẹgbẹ́ wa? Àwọn kan a ní gbọ̀ngàn, àwọn mìíràn a ní ẹnubodè tí a fi mábù ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí a kọ orúkọ sí gàdàgbà. Ìbéèrè náà kò burú. Ṣùgbọ́n èrò wa ni pé òmíràn wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀: ta ni a jẹ lówó iṣẹ́? Ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta tí a rìn lọ sí ìlú Luxor ní ilẹ̀ Íjíbítì ni ó fi ìdí èrò yìí múlẹ̀ lọ́kàn wa.

Etí odò Náílì ni Luxor wà, lórí ilẹ̀ Tébésì àtijọ́, ìlú tí wòlíì Jeremáyà àti Náhúmù pè ní Nó. A kò bá ẹgbẹ́ kankan lọ. Àwa nìkan ni a dá rìn. Àwọn ará ilé kọminú sí i, àwọn kan nínú ìjọ sì béèrè ohun tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run ń wá lọ sí ilé òrìṣà. Èsì wa kò gùn. Ilẹ̀ Íjíbítì ni Jósẹ́fù ti jẹ oyè, ibẹ̀ ni Mósè ti kọ́ ọgbọ́n, ibẹ̀ náà ni a gbé Olúwa wa sá lọ nígbà tí Hẹ́rọ́dù ń wá ẹ̀mí rẹ̀. Kristẹni tí ó mọ Ẹni tí òun gbàgbọ́ kò ní ìdí láti sá fún òkúta. Ní ti dídá rìn, ẹni tí ó bá ẹgbẹ́ lọ, aago ẹgbẹ́ ni yóò máa tẹ̀lé. Ẹni tí ó dá lọ lè dúró níbi tí ọkàn rẹ̀ bá ní kí ó dúró.

Ní Karnak, òpó 134 ni ó wà nínú gbọ̀ngàn ńlá kan ṣoṣo. 12 tí ó wà láàárín ga tó nǹkan bí mítà 21. Ramesses Kejì gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ sí ara òkúta jinlẹ̀jinlẹ̀, títí kan iṣẹ́ àwọn ọba tí ó ṣáájú rẹ̀. Hatshepsut, obìnrin tí ó jọba gẹ́gẹ́ bí Fáráò, gbé ọwọ̀n òkúta olórí ṣóńṣó ró níbẹ̀, ó sì dúró títí di òní; ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n há orúkọ àti àwòrán rẹ̀ kúrò ní ọ̀pọ̀ ibi. Nínú tẹ́ḿpìlì Luxor, àwọn Kristẹni kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà kan; lónìí, mọ́sáláṣí Abu Haggag ni ó wà níbẹ̀, wọ́n sì ń kírun nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú ọwọ̀n méjì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì yìí ni wọ́n gbé ró sí Paris ní ọdún 1836. Ẹni tí ó kọ orúkọ sí òkúta kò mọ ẹni tí yóò pa á rẹ́, kò sì mọ ìlú tí wọn yóò gbé òkúta náà lọ.

Ibi tí ó gba ọkàn wa jù lọ kò ga tó ọ̀kan nínú àwọn òpó wọ̀nyí. Àwọn àgbà ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. A wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí apá ìwọ̀ oòrùn, a sì lo odindi ọ̀sán kan ní Deir el-Medina, abúlé àwọn òṣìṣẹ́ tí ó gbẹ́ ibojì àwọn Fáráò sínú àpáta. Ìpìlẹ̀ ilé kéékèèké àti ọ̀nà tóóró ni ó kù níbẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò ń kọjá lọ sí Àfonífojì Àwọn Ọba, àwa dúró. Ní abúlé yìí ni wọ́n ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpáàdì àti èérún òkúta tí àwọn akọ̀wé kọ nǹkan sí. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọdún 40 ìjọba Ramesses Kejì. Rẹ́jísítà ni. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn kò wá síṣẹ́ àti ìdí rẹ̀: àìsàn mú èyí, àkeekèé ta tọ̀hún, òmíràn ń pọn ọtí, òmíràn ń tọ́jú òkú ìbátan rẹ̀. Ẹni tí ó ti mú rẹ́jísítà kíláàsì lọ́wọ́ rí yóò rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ṣùgbọ́n ìwé pápírúsì kan tí ó wà ní ìlú Turin ní Itálì kò pa ni lẹ́rìn-ín. Ó sọ pé ní ọdún 29 ìjọba Ramesses Kẹta, ní ohun tí ó lé ní 3,100 ọdún sẹ́yìn, ọkà tí wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ yìí kò dé lásìkò. Wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n kọjá àwọn ògiri, wọ́n sì lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ḿpìlì. Wọ́n ní ebi àti òùngbẹ ni ó lé àwọn débẹ̀. Kò sí aṣọ, kò sí òróró, kò sí ẹja, kò sí ewébẹ̀. Kí wọ́n ránṣẹ́ sí Fáráò. Fáráò kan náà ni ó kọ́ tẹ́ḿpìlì Medinet Habu, tí kò jìnnà sí abúlé wọn, tí àwòrán ìṣẹ́gun rẹ̀ kún ara ògiri rẹ̀. Àwòrán wọ̀nyí kò sọ ọ̀rọ̀ gbèsè náà. Akọ̀wé abúlé ni ó sọ ọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin òbí, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa? Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé Kristẹni ní ilẹ̀ wa, olùkọ́ tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ gbà síṣẹ́ ń retí owó oṣù rẹ̀ nígbà tí a ń jiyàn lórí ọ̀dà tí a ó fi kun gbọ̀ngàn. Àwọn alásè tí ó bọ́ wa, ẹni tí ó ń lu agogo, ọlọ́dẹ tí ó ṣọ́ ọgbà lóru: mélòó nínú wọn ni orúkọ wọn wà lákọsílẹ̀? Jákọ́bù Mímọ́ ti kìlọ̀ ní orí karùn-ún ìwé rẹ̀ pé owó alágbàṣe tí a fawọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ní ohùn, Olúwa sì ń gbọ́ ọ.

Ẹnìkan lè sọ pé òjò ń pa àwọn ọmọ ní kíláàsì, pé a kò lè fi rẹ́jísítà bo òrùlé. Òtítọ́ ni. Òrùlé tí ó bá ń jò, kí a tún un ṣe. Ohun tí a ń takò ni ilé tí a kọ́ nítorí orúkọ tí yóò wà lára rẹ̀, nígbà tí ẹni tí yóò kọ́ni nínú rẹ̀ kò tíì gba owó rẹ̀.

Nítorí náà, àbá mẹ́ta ni a gbé síwájú ẹgbẹ́. Èkíní, kí a tó ra àpò sìmẹ́ńtì kan lára owó àjọ̀dún yìí, kí a béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé bóyá owó oṣù ẹnikẹ́ni wà nílẹ̀, kí a sì san án. Èkejì, kí a kó àwọn rẹ́jísítà àtijọ́ jọ kí ikán tó jẹ wọ́n tán, kí a ṣe àdàkọ wọn. Ẹ̀kẹta, kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé yìí sínú ìwé kan, láti orí ọ̀gá àgbà dé orí ẹni tí ń gbálẹ̀. Bí owó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí, kí a kọ́ ẹnubodè náà. Àwa náà yóò dá owó tiwa sí i.