Ìjọ Àgùdà: Orúkọ Dúró, Ilé Wó

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ girama lónìí pé ta ni ó kọ́ ilé ìjọsìn Kátólíìkì ńlá àtijọ́ tí ó wà ní ìlú Èkó, ìdáhùn tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni pé àwọn òyìnbó ni. Ìdáhùn náà kò tọ́, èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí wa. Àwọn baba wa kò pe ìjọ yìí ní ìjọ òyìnbó. Ìjọ Àgùdà ni wọ́n pè é. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí orúkọ yìí ti wá.

Àwọn Àgùdà ni àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brasil àti Kúbà, àti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Èkó. Àwọn mìíràn dúró sí Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Nígbà tí àlùfáà Francesco Borghero dé Èkó ní ọdún 1863, ó bá àwọn onígbàgbọ́ níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà rárá, ni ó ń ṣáájú wọn nínú àdúrà. Ọdún 1868 ni àlùfáà tó wá fi Èkó ṣe ibùgbé. Ìjọ ti wà kí àlùfáà tó dé.

Àwọn ènìyàn yìí kan náà ni wọ́n kọ́ ilé fún ìjọ wọn. Ní ìparí àwọn ọdún 1870, àwọn ọ̀gá bíríkìlà Àgùdà, Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé ìjọsìn Àgbélébùú Mímọ́, a sì ṣí i ní 1881. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ ní Brasil ni wọ́n fi ṣe é. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni a rí lára àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Èkó: fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè, àti òdòdó tí a fi sìmẹ́ńtì ya sára ògiri.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé iṣẹ́ ọnà yìí kò dúró sí ọ̀dọ̀ ìjọ kan ṣoṣo. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní 1894, iṣẹ́ João Baptista da Costa ni, Àgùdà ni òun náà. Sanusi Aka, tí í ṣe Mùsùlùmí, ni igbákejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá sì dúró níwájú mọ́sáláṣí ńlá àtijọ́ ní Àjàṣẹ́ lè rò pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni òun ń wò.

Ilé ìjọsìn ti 1881 kò sí mọ́. Kàtídírà tí ó wà níbẹ̀ báyìí, láàrin 1934 sí 1939 ni a kọ́ ọ, ní àṣà Gothic ti ilẹ̀ Yúróòpù: orí àwọn ọ̀nà àti fèrèsé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀ fún àdúrà. Ilé tó rẹwà ni, n kò sì bá àwọn tí ó kọ́ ọ jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá wò ó kò lè rí Lázaro lára rẹ̀. Òfin nìkan kò sì lè gba irú ilé bẹ́ẹ̀ là. Ìjọba ti kéde Ilé Ilojo ní Tinubu gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Síbẹ̀, a wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016.

Ẹnìkan lè sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni èyí, kì í ṣe ti olùkọ́ Yorùbá. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà ni a gbé lé wa lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé 'Àgùdà' kàn jẹ́ ìtumọ̀ 'Kátólíìkì' ni. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ti wó ilé náà lẹ́ẹ̀kejì. Kí olùkọ́ tí kì í ṣe Kátólíìkì má sì bẹ̀rù. Ìwàásù kọ́ ni mo ń wí. Ìtàn àwọn tí a tà lẹ́rú, tí wọ́n padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́, ti gbogbo wa ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ yan àròkọ fún wọn, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá ilé tó lọ́jọ́ lórí jù ní àdúgbò rẹ̀. Kí ó bi àwọn àgbà léèrè orúkọ bíríkìlà àti káfíńtà tí wọ́n kọ́ ọ, kí ó kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀yà ilé náà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì yà á sínú ìwé. Ẹ má jẹ́ kí ó di sáà tí ń bọ̀. Àwọn àgbà tí ó mọ ìdáhùn kò pọ̀ mọ́.