Ṣé Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ìjàyè Wé Ìbádàn Nìyẹn?

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ̀yin ni mo bá wí o. Ẹ ní kí ọmọ Ìjàyè kọ àròkọ ìfiwéra lórí ìlú rẹ̀ àti Ìbádàn. Ó kọ ojú ìwé kan lórí Kúrunmí, ó kọ ìkejì lórí Ògúnmọ́lá, ó ní Ìbádàn ló dára jù, ẹ sì fún un ní máàkì. Ìfiwéra dà níbẹ̀? Ìtàn méjì tí kò bára tan ni!

Ohun kan ṣoṣo ni kó kọ́kọ́ mú, kó wá fi bi ìlú méjèèjì. Kó mú ọ̀rọ̀ oyè. Aláàfin Àtìbà ló fi Kúrunmí jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, òun náà ló fi Olúyọ̀lé ti Ìbádàn jẹ Baṣọ̀run. Wọ́n jọra níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Ìbádàn gba Adélù ọmọ rẹ̀ lọ́ba; Kúrunmí kọ̀, ó ní àṣà ni kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ìyàtọ̀ gan-an rèé, òun ló sì bí ogun tó fọ́ Ìjàyè ní 1862. (Kúrunmí ti kú ní 1861, kò fojú rí i.)

Kí ọmọ náà wá gbè sẹ́yìn ẹni tó bá wù ú, bó bá ṣáà ti sọ ìdí. Èwo tún ni “èwo ló dára jù”? Ṣé iṣu la fẹ́ rà ni?