Bátìrì àti Síìmù Ni Kí Onílé Kọ́kọ́ Wò

Láti òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2021, tí àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngán, tí wọ́n pa ènìyàn tó lé ní 10, tí wọ́n sì dáná sun ààfin ọba, Ìbàràpá kò fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣeré mọ́. Onílé tí apá rẹ̀ ká a ní Lánlátẹ̀, ní Ìbàràpá kan náà, lè ra álààmù tó ń fi síìmù inú rẹ̀ pe fóònù. Ìgbà wo ló wá yẹ kó pààrọ̀ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ á ní ó dìgbà tó bá bàjẹ́. Èrò yẹn léwu. Álààmù kì í kú bí ẹ̀rọ ìlọta, tí gbogbo ilé á mọ̀. Iná kékeré ara rẹ̀ á ṣì máa tàn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Bátìrì ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ọdún 3 sí 5 ni wọ́n sábà ń fún un, ṣùgbọ́n ibi tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ṣírò ìyẹn. Bátìrì tó ń gbẹ tán léraléra nítorí pé NEPA mú iná lọ kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dúró de ọdún karùn-ún ní Lánlátẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Owó bátìrì kò tó owó odindi ẹ̀rọ. Pípààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì kì í ṣe ìná-àpà.

Ti síìmù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí nọ́mbà tí wọn kò so mọ́ NIN, nọ́mbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, má lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Síìmù inú álààmù kò lẹ́nu tí yóò fi sọ pé wọ́n ti ti òun pa. Nọ́mbà tí wọn kò bá sì lò fún oṣù 6, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù lè tì í pa. Iṣẹ́ álààmù sì ni kó dákẹ́ títí nǹkan yóò fi ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí AT&T pa 3G rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2022, álààmù tó gbára lé e yadi láìsí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra tuntun báyìí, kó má ra èyí tó mọ 2G nìkan.

Ta tilẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń pè? Bó bá jẹ́ ọmọ tó wà ní Èkó tàbí London nìkan, ọmọ náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí yóò pe nílé ni. Aládùúgbò, olórí ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tó sún mọ́ ibẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Àtúnṣe yìí kò gba owó, òun ló sì ṣe pàtàkì jù.

Èyí tó yẹ ní jíjù nù ni èyí tó ń ké lásán. Alántakùn àti ọmọńlé tó ń rìn lójú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ yàrá lè mú kó pariwo lóru, aládùúgbò tó sì ti sáré jáde lásán lẹ́ẹ̀mẹta kò ní jáde lẹ́ẹ̀kẹrin. Bí wọ́n bá nù ún tó ṣì ń ké, kí onílé gbé owó kalẹ̀ fún irú èyí tó ń gba ọ̀nà méjì yẹ ohun tó ń rìn wò kó tó ké, kó sì dán an wò láìsí iná NEPA kó tó san owó tó kù fún ẹni tó bá a fi í sílé.